Ìdajì Òdòdó Lẹ́yìn Ọwọ́

Ọjọ́ kẹwàá tí wọ́n ti gbé ọmọ Fúnmbí lọ ni mo tó béèrè ìbéèrè tó yẹ kí n ti béèrè lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Ogún ọdún ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Ojú Àwòdì ni wọ́n ń pe èmi Ìbíjọkẹ́ Ògúnwálé ní àgọ́ ọlọ́pàá wa ní Ìkòròdú. Bó bá jẹ́ pé bí ojú àwòdì ṣe ń ríran nìyí, kí àwọn òròmọdìẹ fọkàn balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Fúnmbí wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì láti abúlé orí omi tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Ìlàjẹ ni wọ́n, iṣẹ́ ẹja pípa ni wọ́n ń ṣe. Ó ń gbé Ìníolúwa, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bọ̀ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Ibeshe. Àwọn ará orí omi ní ìṣe kan. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sí èbúté, ìyá kì í gbé ọmọ gun àkàbà. Á na ọmọ sókè, ẹni tó bá wà lókè á gbà á, ìyá á wá gùn ún tẹ̀ lé e. Ọwọ́ tó bá kọ́kọ́ nà wálẹ̀ ni wọ́n ń gbé ọmọ lé, wọn kì í béèrè pé ta ló ni ín. Lọ́jọ́ náà, ọwọ́ kan nà wálẹ̀, Fúnmbí gbé ọmọ lé e, ó bẹ̀rẹ̀ mú àpò rẹ̀. Nígbà tó fi gòkè, kò bá ọwọ́, kò bá ọmọ.

Oòrùn wà lẹ́yìn obìnrin tó gba ọmọ náà, nítorí náà Fúnmbí kò rí ojú rẹ̀. Ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló rí. "Wọ́n ya òdòdó sí i, mà," ó ní. "Àmọ́ òdòdó náà ò pé. Ìdajì ni."

Ìdajì òdòdó yìí la gbé kiri Ìkòròdú títí ẹnìkan fi ta wá lólobó pé onídìrí kan wà ní Agric, Ọmọ́wùmí lorúkọ rẹ̀, ó fín òdòdó sí ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún, kò sì fín in tán. A lọ gbé e. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní títì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun náà, kò sì fẹ́ sọ ibi tó lọ. Ẹ̀gbẹ́ òdòdó ọwọ́ rẹ̀ tún bó bí ibi tí iná jó, bíi pé ó fẹ́ pa á rẹ́. Ọ̀gá wa fọwọ́ gbá tábìlì, ó ní ẹjọ́ ti parí, ó ku kó sọ ibi tó gbé ọmọ sí. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, kí n má purọ́.

Ọjọ́ kẹjọ rèé tí Ọmọ́wùmí ti wà ní àtìmọ́lé. Ọmọ kò dé.

*

Sájẹ́ńtì Bísíríyù Ọláògún, ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí a jọ ń ṣiṣẹ́, mú un wá síwájú mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Irun orí rẹ̀ ti dàrú. Onídìrí.

"Níbo lo wà lọ́jọ́ Túsìdeè, Ọmọ́wùmí?"

"Mo ti sọ fún yín, mà. Mi ò dé Ibeshe."

"Mi ò béèrè ibi tí o ò dé."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ìka tún irun rẹ̀ ṣe.

"Ẹni tó bá dákẹ́," Bísíríyù ní, "tara rẹ̀ á bá a dákẹ́ ni o."

"Ta ló jó ọ lọ́wọ́?" mo bi í.

Ó fi ọwọ́ òsì bo ọ̀tún. "Bí mo bá sọ ọ́, ṣé Adéfẹ́mi máa gbọ́?"

"Ta ni Adéfẹ́mi?"

"Ẹni tó fẹ́ fẹ́ mi."

Inú bí mi débi pé mo dìde lórí àga. Ọmọ ọlọ́mọ sọnù, ìyá rẹ̀ ò rí oorun sùn, ẹni yìí ń ṣàníyàn ọkọ àfẹ́sọ́nà. "Sọ ọ́," mo ní. "Bí o ò bá sọ ọ́, ilé ẹjọ́ ni Adéfẹ́mi ti máa gbọ́ ọ."

Ó bú sẹ́kún. "Ìyá rẹ̀ ló ní ọwọ́ tí wọ́n fín kò ní wọ òrùka nínú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn. Mo wá ọkùnrin kan lọ sí Ṣàgámù, ó ní òun mọ bí wọ́n ṣe ń pa táàtù rẹ́. Ó da nǹkan sí i. Awọ bó, egbò dé, àwòrán ò lọ. Ìgbà tí wọ́n ń fín in, mo sá dìde torí kò ṣeé fara dà, ìdí tí kò fi pé nìyẹn. Yíyọ ọ́ tún wá burú ju fífín in lọ."

"Kí ló dé tí o ò sọ èyí láti ọjọ́ yìí?"

"Wọ́n mọ ìyá Adéfẹ́mi ní àgọ́ yìí, mà. Ó ń gbé oúnjẹ wá fún wọn."

Bísíríyù pe ọkùnrin Ṣàgámù náà. Ẹni náà kò tilẹ̀ sẹ́. Ó ti ya fọ́tò ọwọ́ Ọmọ́wùmí láti fi polówó iṣẹ́ rẹ̀, ọjọ́ àti aago sì wà lára fọ́tò náà. Ní aago mẹ́wàá ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí wọ́n ń gbé ọmọ lọ ní Ibeshe, Ọmọ́wùmí wà ní Ṣàgámù, ó ń jẹ̀rora.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ọ̀gá wa. Ó wo fọ́tò náà títí.

"Kò ní kúrò níbí títí ọmọ á fi dé," ó ní.

"Sà, kò débẹ̀."

"Ta ló wá débẹ̀, Ojú Àwòdì?"

Mo jáde.

*

Fúnmbí wà lórí bẹ́ǹṣì ní ẹnu ọ̀nà, níbi tó ti ń jókòó láti ọjọ́ yìí. Ojoojúmọ́ ló ń wá láti orí omi. Ọkọ rẹ̀ ń wá ọmọ ní etí omi ní tirẹ̀, láti èbúté dé èbúté. Wàrà ti rin àyà bùbá rẹ̀. Ó máa ń lọ sí ẹ̀yìn àgọ́ wa lọ fún un dà sílẹ̀, kí ọmú má bàa gbẹ. Mo ti rí i níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì gba ọ̀nà míì.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé ó ti sọ̀rọ̀?"

"Òun kọ́, Fúnmbí."

Kò sunkún. Ó kàn ń wò mí. N kò lè dúró fún ojú yẹn, mo wá nǹkan ṣe, mo yọ bírò, mo jókòó tì í, mo na ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún mi sí i. "Yà á fún mi. Ibi tí o ti rí i gan-an ni kí o yà á sí."

Ó mú bírò. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́, ó ya ewé, ó ya òdòdó, ó ń bọ̀ wálẹ̀. Nígbà tó dé àárín ẹ̀yìn ọwọ́, ó ń fi bírò kàn án fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́. Kò dé ìka rárá.

"Ìka kò ní nǹkan kan?"

"Kò ní, mà. Ọ̀dọ̀ ọrùn ọwọ́ ló ti hàn dáadáa. Bó ṣe ń bọ̀ lọ́nà ìka ló ń ṣí, bí aṣọ ṣe ń ṣí."

"Àwọ̀ wo ni?"

"Ó pọ́n. Mo sọ fún ẹni tó ń kọ̀wé lọ́jọ́ náà pé ó pọ́n."

Mo ké sí Bísíríyù kó gbé fáìlì wá. Ohun tí kọ́púrà wa kọ sílẹ̀ ni pé "ìdajì òdòdó." Kò kọ pé ó pọ́n. Kò kọ ìdajì tó jẹ́. Èmi náà kò sì béèrè. Mo mú Ọmọ́wùmí jáde lẹ́ẹ̀kan sí i, mo gbé ọwọ́ rẹ̀ ka ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ mi. Tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìka, ó dúró láàárín, dúdú kirikiri. Tèmi tí Fúnmbí yà bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́. Ìdajì kejì gan-an ni. Ọjọ́ mẹ́jọ la fi ti ènìyàn mọ́lé nítorí pé kò sẹ́ni tó rántí béèrè pé ìdajì wo.

"Wò ó, Bísíríyù," mo ní. "Àwòrán tí wọ́n ò yà tán, ibi tó dúró máa ń mọ́ gedegbe. Tọwọ́ Ọmọ́wùmí mọ́ gedegbe. Èyí tó ń parẹ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ti yà á tán nígbà kan. Nǹkan kan ló ń jẹ ẹ́ láti ìka bọ̀."

"Táàtù kì í ṣí bẹ́ẹ̀, madam."

"Kì í ṣí."

"Ó tún pọ́n." Ó fọwọ́ gbá iwájú orí rẹ̀. "Làálì ni."

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ọjọ́ Ajé.

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yìí, ẹnìkan pè wá láti Ẹ̀pẹ́ pé ìyàwó kan ládùúgbò òun, Mọ́fẹ́yìsára, ṣàdédé gbé ọmọ dé láti Ìkòròdú, ó ní ibẹ̀ lòun bí i sí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo lọ. Mo kí i kú ewu ọmọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ gbé omi fún mi mu, ó ní ọmọ ńlá ni wọ́n ń bí nínú ìdílé àwọn. Mo wo ọwọ́ Mọ́fẹ́yìsára, ọ̀tún àti òsì, wọ́n mọ́ tónítóní. Táàtù lèmi ń wá, táàtù kì í sì í kúrò lára títí wọ́n á fi sin ẹni tó ni ín. Ọkàn mi balẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ fún mi, mo gbé e, mo ní kí Ọlọ́run dá a sí, mo gbé e padà fún wọn. Mo sì wá ọkọ̀ Ìkòròdú wọ̀.

"Bí ó bá jẹ́ làálì," mo sọ fún Bísíríyù, "ọwọ́ mímọ́ ò gba ẹnikẹ́ni là."

"Ẹ rọra, madam. Làálì náà kì í tètè kúrò. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ṣe é, ó lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Túsìdeè lẹ ní Fúnmbí rí ìdajì, Mọ́ńdè lẹ lọ. Ọjọ́ méje péré. Ó yẹ kí àmì kù níbẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Èmi náà ṣe làálì rí nígbà tí ọ̀rẹ́ mi ṣe ìyàwó ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò lọ́wọ́ mi. Bí mo bá tún lọ gbé aláìṣẹ̀ kejì, ọ̀gá á gba ẹjọ́ náà lọ́wọ́ mi, ọmọ náà á sì lọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ làálì ni mo nílò.

"Mo mọ ìyá kan," Bísíríyù ní. "Kò sí ìyàwó tí kò fi ọwọ́ rẹ̀ kan ní Ẹ̀pẹ́."

Fúnmbí ti dìde. Mo ní kó jókòó, mo ní mi ò tíì mọ nǹkan kan. Kí n tó dé ìdí ọkọ̀ wa, ó ti jókòó sí ẹ̀yìn.

*

Ẹ̀yìn Ọjà Olúwo ni ilé ìyá alálàálì náà wà. Mùsílímátù lorúkọ rẹ̀, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì ní ẹnu. A fi Fúnmbí sílẹ̀ nínú ọkọ̀. A kúnlẹ̀, a kí i, mo béèrè iye ọjọ́ tí làálì ń lò.

"Ọwọ́ ta?" ó ní.

"Ọwọ́ ènìyàn, mà."

"Ènìyàn wo? Ìwọ ọlọ́pàá, ṣé o rò pé ó ní ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i lórí bíi ti páálí oògùn ni?" Ó rẹ́rìn-ín. "Sítíkà tí àwọn ọmọdé ń lẹ̀ mọ́ra, ọjọ́ mẹ́ta, ó ti di ìdọ̀tí. Bùjé tí àwọn ìyá wa ń kùn, bó bá ti di ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó ń lọ. Èyí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fín, wàá gbé e wọ sàréè. Làálì ni kò ní ojú kan. Wo tèmi." Ó na ọwọ́ sí mi. Ó pọ́n dé orí èékánná. "Òní Ọjọ́bọ̀ ló pé ọ̀sẹ̀ méjì. Mo fi fún àwọn ìyàwó ilé kan nígbà yìgì, mo fi èyí tó kù sí ara mi. Kí ni mò ń fi ọwọ́ ṣe? Tẹ̀síbà ni mò ń jà."

"Bó bá jẹ́ ẹni tó ń ṣe ẹja ńkọ́, Ìyá?"

"Ha." Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà. "Ẹni tó ń ha ìpẹ́, tó ń fa ìfun ẹja, tó tún ń fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ bó òórùn rẹ̀ lọ́wọ́ láàárọ̀ àti lálẹ́? Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má wulẹ̀ dà mí láàmú. Ìka ló ń kọ́kọ́ lọ. Tó bá di ọjọ́ karùn-ún, ìkẹfà, ó ti ku ìdajì lọ́dọ̀ ọrùn ọwọ́. Tó bá fi máa di ọjọ́ mẹ́wàá, o ò ní mọ̀ pé mo débẹ̀."

Mo wo Bísíríyù. Òun náà ń ka ọjọ́ lórí ìka rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ mẹ́fà. Ọjọ́bọ̀ sí ọjọ́ Ajé tí mo lọ, ọjọ́ méjìlá. Ọwọ́ tèmi tí kò ṣe ju kó di bírò mú lọ ni mo fi ń wọn ọwọ́ ẹni tó ń ṣe ẹja.

"Nínú àwọn tí ẹ fi fún lọ́jọ́ yìgì náà," mo ní, "ta ló ń ṣe ẹja?"

"Ẹnìkan ṣoṣo ni. Ìyàwó àgbà ilé náà, tó ń ta ẹja lọ́jà níbí. Nígbà yẹn ó lóyún. Ikùn rẹ̀ fara kan apá mi níbi tí mo ti ń yàwòrán, ó rọ̀ bí ìrọ̀rí." Ìyá náà gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Mo dákẹ́. A kì í bá olóyún ka oyún rẹ̀."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Mọ́fẹ́yìsára."

*

Ó wà nínú ilé, ọmọ wà ní àyà rẹ̀, ìgò wàrà wà lórí tábìlì. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ tún wá kí wa."

"Mo tún wá. Tú u, kí n rí ìdodo rẹ̀."

Ẹ̀rín náà lọ. "Ẹ ti rí i lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

"Mi ò rí i. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ọjọ́ mẹ́wàá, ìwọ́ á ṣẹ̀ṣẹ̀ já ni, ojú rẹ̀ á ṣì tutù. Tú u, Mọ́fẹ́yìsára."

Kò tú u. Ó di ọmọ náà mú ṣinṣin sí i, ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Bísíríyù ti sọ fún Fúnmbí pé kó dúró sínú ọkọ̀, àmọ́ igbe ọmọ ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Kò pariwo. Ó ní, "Ó ní àmì dúdú lẹ́yìn orúnkún òsì." Èmi fúnra mi ni mo ká aṣọ sókè. Àmì náà wà níbẹ̀. Ìdodo rẹ̀ sì ti gbẹ tipẹ́tipẹ́.

Fúnmbí gba ọmọ rẹ̀, Mọ́fẹ́yìsára sì jókòó sílẹ̀. "Mi ò lọ sí Ibeshe torí ọmọ," ó ní. "Ẹja ni mo lọ gbà. Mo ti di aṣọ mọ́ ikùn fún oṣù mẹ́jọ, mi ò mọ ohun tí mo máa sọ fún wọn nílé bí oṣù bá pé. Mo rí ọmọ tí wọ́n ń nà bọ̀ sókè. Mo kàn na ọwọ́ ni. Òun ló gbé e lé e."

Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tó ti wà nílé ọkọ láìrọ́mọ bí. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi sí i, àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ kó lọ. Bísíríyù mú un. Ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó gbé orí lé ọwọ́. Mo pe àgọ́ pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún Ọmọ́wùmí. Ọ̀gá wa gba fóònù, ó ní òun ti mọ̀ pé mo máa rí i. Mo pa á mọ́ ọn létí.

*

Ọkọ̀ kejì wá gbé Mọ́fẹ́yìsára àti Bísíríyù lọ. Èmi àti Fúnmbí la wà nínú tiwa, ẹni tó ń wakọ̀ nìkan ló wà níwájú. Ọmọ náà kọ́kọ́ kọ ọmú. Ó ń yí orí, ó ń wá ìgò tó ti mọ́ ọn lára. Fúnmbí ń fún wàrà sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, ó ń pe orúkọ rẹ̀, kò kánjú. A ti kọjá Ìtóìkín kó tó gbà á. Nígbà tó gbà á, mo gbọ́ bó ṣe ń gbé e mì.

Mo ń retí kó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

"Madam, obìnrin yẹn ní ẹ ti rí i lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

"Mo rí i. Mo tilẹ̀ gbé e."

"Ṣé ó ń sunkún?"

Mo gbìyànjú láti rántí. Mo rántí omi tí wọ́n fún mi mu. Mo rántí èékánná Mọ́fẹ́yìsára, tí wọ́n gé kúrú.

"Ṣé ó dà bí ẹni tó ti jẹun?" ó tún ní. "Ṣé ojú rẹ̀ là sílẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, Fúnmbí," mo ní. "Mi ò wo ojú rẹ̀. Ọwọ́ obìnrin yẹn ni mò ń wò."

Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan. Ó yí ọmọ náà sí ọmú kejì, ó sì kọjú sí fèrèsé títí a fi dé Ìkòròdú.